Àwọn Tó Pe Oko Bàbá Mi Ní Igbó

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè é ní igbó. Ojú ọ̀nà tó ti Ìlá lọ sí Òkè-Ìlá ló dá ọkọ̀ dúró sí. Kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ kan wà lórí títì, èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀ níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ ẹ. Ó na ọwọ́ sí oko bàbá wa, ó sì wí fún àwọn tí wọ́n jọ ti Èkó wá pé, "Igbó tí mò ń sọ fún yín nìyẹn." Mo dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, mo gbọ́ ọ ketekete. Obì inú igbó yẹn ló rán an níléèwé láti girama dé yunifásítì. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ẹni tó gbàgbé ṣì ṣeé forí jì. Ó rántí dáadáa. Ojú ló ń tì í lọ́dọ̀ àwọn àlejò rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kan. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í pe ẹni tó ju ni lọ ní "ìwọ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún díẹ̀ péré ló fi ju ni lọ. Níwájú ẹ̀gbọ́n mi, "ẹ" ni mò ń pè é títí dòní, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni mo fi ń pè é. Ìyá mi àti olóògbé bàbá mi nìkan ni mo fi "wọ́n" sílẹ̀ fún. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó pa ìwé dé.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, mo máa ń tẹ̀lé ìyá mi lọ sí oko náà ní Sátidé. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé igbó ni. Kò sí ebè, kò sí poro, kò sí ìlà gbọọrọ. Igi obì ló wà níwájú, kòkó wà lábẹ́ ìbòòji wọn, ìtàkùn àsálà sì ń ti orí igi obì kan bọ́ sórí òmíràn títí dé etí odò. Lẹ́yìn wọn ni àwọn igi àpọ̀n wà, àwọn àgbà igi tí bàbá mi bá níbẹ̀, tí bàbá tiwọn náà sì bá níbẹ̀. Orógbó wà ní etí odò. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń jó títì, ilẹ̀ oko yẹn á tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ilẹ̀ ìyẹ̀wù.

Ìyá mi kì í ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, àsálà ni wọn yóò sè tà. Èso àpọ̀n á já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn á ṣà á jọ, wọn á là á, wọn á yọ kóró inú rẹ̀, wọn á sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà orógbó, lẹ́yìn náà obì tí wọ́n á fi ewé wé kó má bàa gbẹ. Kò sí ajílẹ̀ inú àpò, kò sí oògùn, kò sí omi tí ẹnikẹ́ni pọn sí i nídìí. Ọdún tí iṣu kò ta, igi wọ̀nyẹn so. Nígbà tí owó oṣù àwa olùkọ́ di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò lásán, ọbẹ̀ àpọ̀n ni èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ, a ò sì ṣe ojú àánú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ ní Èkó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ẹni tó ń kí i ní "ọ̀gá" mọ́, ó wá ọ̀gá jẹ wálé. Ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì ya fọ́tò bí wọ́n ṣe jókòó. Lọ́dún náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ ebi. Wọ́n pe ètò náà ní "Oúnjẹ Tí Kò Ní Tán". Àgbàdo ni oúnjẹ ọ̀hún, irúgbìn inú àpò, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá mú lára èso rẹ̀ gbìn lọ́dún kejì, kò ní ṣe dáadáa. Àfi kó padà lọ ra òmíràn. Oúnjẹ tí kò ní tán!

Agbo ilé wa ni wọ́n ti ṣe ìpàdé láti béèrè oko bàbá wa fún ètò náà, lábẹ́ àtíbàbà. Alága ẹgbẹ́ wọ agbádá funfun wá sínú ẹrẹ̀ òjò, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó wọ ìlú tí kò mọ̀. Ìyá mi, tí wọn ò lè rí àlejò kí wọ́n jẹ́ kó jókòó lásán, ti se àsálà kalẹ̀ nínú abọ́ ńlá. Alága fa abọ́ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ebi ń bọ̀," ó ní. "Ojú ọjọ́ ti yí padà. A ò lè jẹ́ kí ilẹ̀ wa máa wà lásán." Ó pa àsálà kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu. "Ẹ wo igbó ẹbí yìí tó wà létí títì. Láti ìgbà tí olóògbé ti lọ, kò mú nǹkan kan jáde." Ó tún pa òmíràn. Èèpo àsálà ti di òkìtì níwájú rẹ̀.

Mo dìde, mo yíkàá díẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí ẹ ń jẹ lọ́wọ́ yẹn, níbo lẹ rò pé ó ti wá?"

Ó wo èèpo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjà ni," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín.

"Inú igbó yẹn ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n ìpápánu nìyẹn. Oúnjẹ là ń sọ."

Ó ṣí omi inú ike, ó gbé e mu. Ojú rẹ̀ rún. Kò sí ọmọ Ìlá tí kò mọ̀ pé a kì í mu omi lé àsálà lórí bí a kò bá fẹ́ kí ẹnu wa korò bí ewúro. Alága kò mọ̀. Ó gbé ike náà sókè, ó ń wá ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. "Omi yìí ti bàjẹ́ o," ó ní. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé e sáré gbé òmíràn wá, ó tún mu ún, ó tún korò. Kò sí ẹni tó là á yé e. Ọmọ bíbí ìlú! Ọkùnrin tí kò lè jẹ ohun tí ìlú rẹ̀ ń jẹ láìdi ẹ̀bi ru omi ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń jẹun.

Àbúrò bàbá mi ni olórí ẹbí. Kò bá wa jà, kò gbè wá. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé àwọn yóò kọ orúkọ ẹbí wa sára pátákó ńlá kan létí títì, ó sì ti ń rí pátákó náà lójú oorun. Nígbà tí ìyá mi ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n gé igi kankan, ó dá wọn lóhùn pé, "Ìyàwó ilé lẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe tiyín."

"Èmi ńkọ́?" mo ní. "Ọmọ ilé ni mí."

"Ilé ọkọ ni ilé obìnrin."

"Ọkọ mi ti kú, ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ín. Ṣé kí n lọ máa gbé ní itẹ́ òkú ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi. "Má ba ìpàdé jẹ́. Ìdàgbàsókè là ń wá."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ rìn jìnnà."

Ó rò pé mo ń yìn ín. Ó mi orí.

Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n fẹnu kò pé apá tó kan títì ni wọ́n máa ro, pé etí odò àti àwọn igi àpọ̀n tó sún mọ́ ọn yóò wà bí wọ́n ṣe wà. Ìyá mi ní kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n so ó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni katakátá dé. Mo ti gba àyè níléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà òjò tuntun, ó sì fi bébà tí wọ́n ká sí abẹ́ apá bí ẹnjiníà. Ẹ̀rọ náà ti igi obì ṣubú pẹ̀lú ìtàkùn àsálà tó wà lórí wọn. Bí igi kan bá ń lọ, ìtàkùn á fa èkejì tẹ̀lé e. Àwọn èso àsálà aláwọ̀ ewé, tí kò ì gbó, ń bọ́ lu ilẹ̀ bí òkúta. Kòkó tó wà lábẹ́ wọn kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn fọ́ ni. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ya fídíò.

Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti dé ìdí igi tó ní aṣọ pupa. Awakọ̀ dẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò yíká, ó ní, "Máa lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ká kúkú ṣe é tán."

Mi ò tíì la ẹnu tí ìyá mi fi kọjá lára mi. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n gbé e sí iwájú ẹ̀rọ náà gan-an, wọ́n da èso àpọ̀n tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀, wọ́n mú àdá kékeré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í là á.

"Màámi, ẹ dìde níbẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Mo ń la àpọ̀n lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ là á níbòmíràn."

"Ibí ni òjìji wà. Ẹ ti gé ti ibòmíràn."

"Màámi, owó ìṣẹ́jú là ń san fún ẹ̀rọ yìí!"

Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n la ọ̀kan, wọ́n yọ kóró, wọ́n jù ú sínú igbá. Wọ́n la òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí awakọ̀, ó ní kó sún mọ́ wọn díẹ̀ kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Èyí ni mi ò lè gbàgbé láyé. Ìyá tó bí i ló ní kí wọ́n fi irin dẹ́rù bà.

Awakọ̀ náà pa ẹ̀rọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó wá wí fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá, iṣẹ́ tí ẹ pè mí fún ti parí." Ó gun ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì yí i padà sí ọ̀nà títì. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀lé e, ó ń pariwo, bàtà òjò tuntun náà ń fa ẹrẹ̀ sókè. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di igi mú. Ìyá mi ní kí n dákẹ́, pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni àwọn aládùúgbò oko wa dé, àwọn tó ti ń bá wa kẹ́dùn láti àárọ̀. Wọ́n gbé àáké àti àdá dání. Wọ́n ní ó ṣe o, igi bàbá, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń gé ẹ̀ka sí wẹ́wẹ́ tí wọn yóò fi sun èédú. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá wọn ò ní padà wá gé èyí tó kù. Mo ní kó lọ bi alága.

Wọ́n gbin àgbàdo. Mi ò ní parọ́, ó kọ́kọ́ lẹ́wà. Ìlà rẹ̀ gún régé, àwọ̀ rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, pátákó sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹbí wa tí wọ́n kọ ní àṣìkọ. Àbúrò bàbá mi máa ń mú àga lọ jókòó sí abẹ́ pátákó yẹn nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà òjò dáwọ́ dúró, ó sì pẹ́ kó tó padà. Ilẹ̀ tó máa ń tutù yẹn sán bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà. Kòkòrò wọ inú ọkàn àgbàdo. Nígbà tí òjò wá dé, ó dé pẹ̀lú ìbínú, kò sì sí ewé tó gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ òkè ilẹ̀ náà dà sójú títì, tó fi jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà ń bú wa. Àgbàdo tí wọ́n kó níbẹ̀ kò tó ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ya àwòrán rẹ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Wọn ò sì yà á. Ẹgbẹ́ náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lẹ́nu. Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní, "Ojú ọjọ́ ló ṣe é."

"Ojú ọjọ́ kan náà ló wà létí odò, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Àsálà so níbẹ̀."

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Lọ́dún yẹn, nǹkan wọ́n lọ́jà débi pé àwọn èèyàn ń fọwọ́ kan gààrí bí ẹni fọwọ́ kan aṣọ àlà. Àbúrò bàbá mi ránṣẹ́ sí ìyá mi pé bí àpọ̀n bá wà, kí wọ́n bá òun fi díẹ̀ ránṣẹ́, àti àsálà tí àwọn ọmọ lè máa pa jẹ. Mo bá wọn nínú ilé tí wọ́n ń dì í.

"Ẹ fẹ́ fún un?"

"Ebi ń pa á."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ pátákó."

Ìyá mi wò mí, wọ́n sì so ẹnu àpò. "Bí o bá ń fi oúnjẹ gbẹ̀san, ìwọ náà ti di ará ẹgbẹ́ wọn nìyẹn," wọ́n ní. "Gbé e lọ fún un." Mo gbé e lọ. Mi ò kúnlẹ̀ tán kí n tó dìde. Ó gba àpò náà, ó ní kí Ọlọ́run bá wa pa ìyá mi mọ́, kò sì lè wo ojú mi. Ìyẹn kò tó mi. Mo fẹ́ kó wò ó.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n tún padà wá. Ọkọ̀ kan náà, alága kan náà, agbádá funfun mìíràn. Wọ́n ti lọ sí àpérò kan níbi tí àwọn òyìnbó ti sọ fún wọn pé igi ìbílẹ̀ tó ń so èso ló lè gba ayé là: obì, orógbó, àsálà, àpọ̀n. Òyìnbó ló ní láti sọ ọ́. Wọ́n wá kó ọmọ igi àpọ̀n àti orógbó wá nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n fẹ́ gbìn wọ́n sí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ hú igi obì bàbá mi. Alága tún sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn baba ńlá wa gbọ́n, pé àwa ọmọ òde òní la ya òmùgọ̀ tí à ń gé igi. Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú, lórí ilẹ̀ kan náà, a ṣì ń rí kùkùté lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó sun èédú náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ lo mọ ibí yìí jù. Wá bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Sọ bí àwọn igi yìí ṣe ń bọ́ yín."

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o ṣì ń bínú sí mi látọjọ́ yìí?"

"Rárá o," mo ní, mo sì kúnlẹ̀ fún un dáadáa. "Ẹni tí èèyàn bá kà sí lèèyàn ń bínú sí."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọlé díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ ara ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n pè é fún fọ́tò, ó sì lọ, ó rẹ́rìn-ín.

Ìparí òjò ni wọ́n gbin àwọn igi náà, nígbà tí ọyẹ́ ti ń rùn lókèèrè. Púpọ̀ nínú wọn ni wọn ò tilẹ̀ bọ́ ọ̀rá kúrò ní gbòǹgbò wọn. Wọ́n kàn tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá bí ẹni sin òkú pẹ̀lú àpótí. Mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn gbẹ, kí ayé rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

"Igi yìí kò ṣẹ̀ ọ́," wọ́n ní.

Wọ́n hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ ọ̀rá, wọ́n tún wọn gbìn, wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Ìyá mi ti darúgbó. Orógbó tí wọ́n ń gbìn yẹn, bó bá yá, ọmọ ọmọ mi ni yóò jẹ ẹ́, wọ́n sì mọ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé ẹ̀ẹ̀rùn yìí, èmi ni mò ń pọn omi láti odò wá. Mo ń pọn ọ́n, mo sì ń sọ̀rọ̀ burúkú sí alága, sí ẹgbẹ́ rẹ̀, sí agbádá rẹ̀. Àwọn kan kú nínú àwọn igi náà. Àwọn kan ti yọ ewé pupa rẹ́súrẹ́sú lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Òun àti alága ni, wọ́n gbé àwo ẹ̀yẹ kan dání, wọ́n ti fi wọ́n joyè alábòójútó igi ìbílẹ̀. Mo gbé e han ìyá mi ní oko níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún wọn. Mo ń retí kí wọ́n pòṣé. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n wò ó títí.

"Ó ti rù," wọ́n ní. "Kí ni wọ́n ń fún un jẹ ní Èkó yẹn?"

Mo yínmú. Wọ́n rí mi. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì ní kí n lọ gbé omi kejì wá, pé àwọn igi ìsàlẹ̀ ọ̀hún kò ì mu.